Sáà Márùn-ún Nídìí Aṣọ Eléré Bọ́ọ̀lù

Ẹ kú ilé o, ẹ̀gbọ́n mi, Ìyá Káyọ̀dé. Ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí nígbà tí ìyá wa kú, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Bronx nílẹ̀ òyìnbó níbí. Mo kí Káyọ̀dé àti ìyàwó rẹ̀. Mo kí àwọn àgbà ilé wa ní Ìdànrè, àwọn tí wọ́n fẹ́ràn mi àti àwọn tí kò fẹ́ràn mi. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Ẹ má fi àtẹ̀gùn ilé yẹn ṣeré o.

Mo ní kí wọ́n gbé lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ìlú wa kí wọ́n sì kà á sókè, torí pé gbangba ni wọ́n ti ń sọ ọ̀rọ̀ mi. Mi ò mọ̀wé, ẹ mọ̀. Tóyìn, akọ̀wé ìjọ wa ní Tremont, ló ń bá mi kọ ọ́. Nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, ẹ bi mí bóyá mò ń bọ̀ wálé àbí mi ò bọ̀ mọ́. Mo ní ó di ìgbà tí sáà bọ́ọ̀lù bá parí. Ẹ ní ọdún karùn-ún rèé tí ẹ ti ń gbọ́ sáà bọ́ọ̀lù, ẹ ní bọ́ọ̀lù wo ni kì í tán, ẹ sì pa fóònù. Láti ìgbà náà, ẹ kò gbé ìpè mi. Ó dáa. Màá sọ ohun tí ojú mi rí ní sáà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà màá dá yín lóhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan wà tí kò jìnnà sí ilé tí mò ń gbé ní Morris Heights. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n kì í ṣe bọ́ọ̀lù tí ẹ mọ̀. Tiwọn gùn, ó ṣe ṣóńṣó lápá méjèèjì bí odidi kòkó. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sáré, àwọn tí wọ́n ń bá díje á sì wó lù wọ́n mọ́lẹ̀. Ìgbà tí ooru bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣe é Sátidé dé Sátidé títí òtútù á fi dé. Èmi ni mò ń fọ aṣọ wọn. Ẹrẹ̀, koríko, ẹ̀jẹ̀. Omi tútù ni wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Bí omi gbóná bá kàn án díẹ̀, kò ní kúrò mọ́. Mi ò lè ka orúkọ, ṣùgbọ́n mo mọ nọ́ńbà, nọ́ńbà ni mo sì fi mọ àwọn ọmọ náà.

Sáà kìíní, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n borí. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, Dúpẹ́ ìyàwó mi á bi mí pé ṣé wọ́n tún ti nà wọ́n. Mo ní wọ́n ti nà wọ́n. Á ní ṣé àwọn ọmọ náà kò lẹ́sẹ̀ ni, mo ní wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn yòókù ló lẹ́sẹ̀ jù wọ́n lọ. Iṣẹ́ náà sú mi. Mo sọ fún kóòṣì wọn pé kí ni mò ń fọ aṣọ fún bí ó bá jẹ́ pé lílù ni wọ́n ń lọ gbà. Ọkùnrin náà ní ẹni tí wọ́n nà ló nílò aṣọ mímọ́ jù. Mo rò ó, mo rí i pé òótọ́ ni. Mo dúró.

Sáà kejì ni Dúpẹ́ dá sí i. Ẹ mọ̀ pé aránṣọ ni. Mo rí i pé wọ́n ń da àwọn jẹ́sì tó ya nù, mo bá kó wọn wálé. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sídìí fèrèsé, ó ń rán wọn. Kò pẹ́ tó fi ń mọ àwọn ọmọ náà láti ibi tí aṣọ wọn ti ń ya. Nọ́ńbà mọ́kànléláàádọ́rin ni tiẹ̀ ń ya jù. Dúpẹ́ ní èyí kì í ṣe èjìká, ilẹ̀kùn ni. Ó tú abíyá aṣọ náà, ó fi aṣọ kún un. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ wá dúpẹ́ nílé. Ó bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé, ó jẹ ìrẹsì àwo méjì, ó ń pe Dúpẹ́ ní Máámà.

Lọ́dún yẹn, kóòṣì fún àwa méjèèjì láyè láti wá wòran ní Sátidé kan. Afẹ́fẹ́ ń gé ni létí. Àwọn mẹ́rin wó lu Mọ́kànléláàádọ́rin, kò sì tètè dìde. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Dúpẹ́ lórí àga, ó dìde dúró, ó na ọwọ́ sí pápá.

“Ẹ dìde lórí ọmọ mi!”

Yorùbá ló sọ ọ́, èmi nìkan ló gbọ́ ọ. Ọdún mẹ́tàlélógójì ni a ti fẹ́ra nígbà náà, mi ò sì gbọ́ “ọmọ mi” lẹ́nu rẹ̀ rí. Ọmọ náà dìde. Nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ padà, ó ń wo ìta, èmi ń wo ọwọ́ mi títí a fi délé.

Sáà kẹta ló dáa jù. Wọ́n ń borí ni wọ́n ń borí. Mo wọ ilé ìtajà kan ní Fordham, ẹni tí mi ò mọ̀ rí bọ̀ mí lọ́wọ́ nítorí fìlà ẹgbẹ́ tí mo dé. Ìdíje tó kẹ́yìn ni wọ́n ti pàdánù. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù náà gba àárín òpó méjì; ọmọ kan gbá a, ó lu òpó, ó já síta, gbogbo rẹ̀ sì parí. Mo rí àwọn ọmọ tó tóbi bí akọ màlúù tí wọ́n ń sunkún. Ìgbà òtútù ọdún yẹn ni Dúpẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Wọ́n sọ orúkọ àìsàn náà fún wa. Mi ò ní pè é níbí.

Sáà kẹrin, òjò. Láti pápá ni mo ti ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ní ọsibítù. Lọ́jọ́ kan mo ní wọ́n borí, ó wojú mi, ó ní mi ò mọ irọ́ pa, kí n sọ iye tí wọ́n fi nà wọ́n. Mo sọ ọ́. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọwọ́ mi mú.

“Níbí ni kí o sin mí sí. Má gbé mi lọ sí ilé yín.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mọ ìdí rẹ̀. Ọjọ́ tí a ń sọ ọmọ Káyọ̀dé lórúkọ, Dúpẹ́ na ọwọ́ láti gba ọmọ. Ìyàwó àbúrò bàbá wa gba ọmọ náà kọjá níwájú rẹ̀, ó ní kí wọ́n gbé ọmọ fún ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e. Ọwọ́ ìyàwó mi ṣì wà ní nínà. Ẹ rí i. Ẹ wo ilẹ̀. Èmi náà rí i, èmi náà wo ilẹ̀. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi kúrò nílé. Tóyìn ní kí n jẹ́ kí a yọ èyí, ó ní ìwé ìròyìn ni o, bàbá. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́.

Dúpẹ́ kú ní Ọjọ́bọ̀. Mo sin ín síbí. Ẹ̀yin ará ilé ní mo jù ú nù sílẹ̀ àjèjì bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Kò sí ẹni tó bi mí ohun tó sọ.

Mo jókòó sórí àga nínú ilé, mi ò rántí aṣọ. Ìdíje ń bọ̀ ní Sátidé, àwọn ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá pè mí. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n wọ ibi ìfọṣọ. Wọ́n da pupa pọ̀ mọ́ funfun, wọ́n sì bu omi gbóná sí i. Gbogbo funfun wá rí bí inú gúrófà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ jáde, èrò fi wọ́n ṣẹ̀sín, wọ́n sì tún nà wọ́n. Nígbà tó parí, wọ́n wá sílé mi pẹ̀lú aṣọ náà lọ́rùn. Mọ́kànléláàádọ́rin wọlé, àwọn yòókù jókòó sórí àtẹ̀gùn torí pé ilé kò gbà wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn fọ àwo tó wà nílẹ̀. Wọ́n jókòó tì mí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ní ọjọ́ Ajé mo padà síbi iṣẹ́. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo mọ̀ sí aṣọ náà, kò mọ́. Mo bú wọn dáadáa. Inú mi sì dùn sí wọn.

Sáà karùn-ún ni èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n borí. Ọ̀pọ̀ àwọn ọmọ àtijọ́ ti jáde. Wọ́n fẹ́ fi jẹ́sì Mọ́kànléláàádọ́rin fún ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n ní kí n gbà á sínú kó lè bá a mu. Mo ní mi ò ní tú ohun tí Dúpẹ́ rán. Kóòṣì kò bá mi jiyàn. Kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀, ní ọjọ́ tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí níbí, mo lọ síbi ibojì. Mo bá Mọ́kànléláàádọ́rin fúnra rẹ̀ níbẹ̀. New Jersey ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Ó mú ìyá tó bí i wá, ó ń fi ibojì hàn án, ó ní ìyá òun kejì rèé. Obìnrin náà dì mọ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò bọ̀ wálé mọ́.

Mo mọ̀ pé a kì í dá ẹ̀gbọ́n lóhùn báyìí. Tóyìn ní kí n sọ pé bóyá. Ọdún márùn-ún ni mo ti ń sọ bóyá, torí pé ó rọrùn lẹ́nu. Mo mọ̀ pé mi ò ní lè fi í sílẹ̀ níbí, láti ọjọ́ tí mo sin ín ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì ń tàn yín. Káyọ̀dé sọ fún mi pé bí ọdún bá ti ń parí, ẹ máa ń ní kí wọ́n kun yàrá mi, ẹ á jókòó síwájú ilé bí mọ́tò bá ń dúró. Ohun tí mo ń tọrọ àforíjì lé lórí nìyẹn. Kì í ṣe pé mi ò wá. Pé mo jẹ́ kí ẹ dúró. Ẹ fi ẹlòmíràn sínú yàrá náà. Mi ò tilẹ̀ ní ṣèlérí pé màá wá kí yín, kó má tún di irọ́ mìíràn.

Mi ò bínú sí yín mọ́ nítorí ọjọ́ yẹn. Ilẹ̀ kan náà ni a jọ wò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù bí mo bá pè. Bí èébú lẹ fẹ́ bú, ẹ bú mi. Lẹ́yìn yín, kò ku ẹni tó lè bú mi bí ọmọdé láyé yìí.

Kí Olúwa jẹ́ kí alẹ́ yín tutù. Kó má jẹ́ kí ẹ rí ikú ọmọ. Ẹ bá mi kí ilé, ẹ kí ọ̀nà, ẹ kí ìyàwó àbúrò bàbá wa náà.

Èmi ọmọ yín tí ẹ pọ̀n,
Akínwùmí