Bí Òrìṣà Ààrò Ṣe Kó Wọ Inú Ààrò Irin Wa

Tarchung, Ladakh
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kejìlá

Nilza ọmọ mi,

Julley o, mo kí ọ ní julley lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn ará Delhi kò sì yọ ọ́ lẹ́nu? Ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, òtútù ibẹ̀ kò ní wọ̀ ọ́ lára, ọ̀gá rẹ á máa rẹ́rìn-ín sí ọ lójoojúmọ́, àmọ́ kó má rẹ́rìn-ín jù o, ìyá rẹ ló ní kí n kọ ìyẹn síbẹ̀. Konchok tí à ń gbàdúrà sí á ṣọ́ ọ ní títì, á sì ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ tó ń gba abẹ́ ilẹ̀ tí o sọ fún wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò tíì gbà pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Abi, ìyá mi, ń kí ọ. Màlúù méjèèjì ń kí ọ. Paljor aládùúgbò wa náà ń kí ọ, ibi ààrò wa ló wà bí mo ṣe ń kọ èyí, kò tíì lọ sílé láti ìgbà tó ti jẹun àárọ̀.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọmọ mi, fóònù ti wú. Ṣé o rántí ọjọ́ tí à ń rí ojú ara wa nínú rẹ̀, tí o ní òtútù ń mú ọ ní yàrá tí o háyà? Àánú rẹ ṣe mí gan-an. Mo wò ó pé ooru ilé wa ti pọ̀ ju èyí tí a lè lò lọ, ni mo bá gbé fóònù lé orí ààrò, mo dojú rẹ̀ kọ iná, kí ooru lè kọjá sọ́dọ̀ rẹ. O bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, Aba, Aba! Mo ní ó ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ nìyẹn. Mo tiẹ̀ tún fi igi kan sí i. Nígbà tó yá ojú rẹ dúdú, fóònù sì wú bíi búrẹ́dì. Ó wà lórí pẹpẹ báyìí, ìyá rẹ ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ṣé ooru náà dé ọ̀dọ̀ rẹ? Kọ̀wé sọ fún mi.

O mọ̀ pé ikọ́ Abi ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ààrò yìí. Ìyá tó bí mi ti fi ọgọ́ta ọdún jókòó ti ààrò amọ̀ tí kò ní páìpù, èyí tí èéfín rẹ̀ ń gba ihò òrùlé jáde nígbà tó bá wù ú nìkan. Nígbà tí nọ́ọ̀sì fetí sí àyà wọn nígbà ìkórè, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní tí ìyá yìí bá tún fa èéfín ní gbogbo òtútù tó ń bọ̀, kí n má retí pé wọ́n á rí ìgbà tí igi eléso chuli á tún tanná lẹ́yìn yìnyín. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Torí ẹ̀ ni mo ṣe kọ̀wé sí ọ pé kí o fi owó ààrò ránṣẹ́, tí o sì fi ránṣẹ́ láìjanpata, ọmọ rere.

Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Leh, sọ́dọ̀ Haidar tó ń rọ ààrò irin. Ó kó mẹ́ta síwájú mi. Ọ̀kan fẹ́lẹ́, ó ní kíá ló ń gbóná, kíá ló sì ń tutù. Ọ̀kan tóbi bíi pósí, mo fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ ó ní tí ààrò bá tóbi ju yàrá lọ, a ó máa fún iná rẹ̀ lọ́rùn ni, á sì máa kó ẹ̀gbin dúdú sínú páìpù. Ẹ̀kẹta nípọn, ó mọ níwọ̀n, gíláàsì sì wà lójú ilẹ̀kùn rẹ̀. Mo ní kí ni gíláàsì ń wá níbẹ̀? Ó ní kí ẹ lè máa rí iná. Mo ní ṣé iná fẹ́ sá lọ ni? Ó ní Aba, ẹ dákun, ẹ ṣáà yan ọ̀kan. Mo gbá gbogbo wọn lẹ́yìn, mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń dún, mo ti orí bọ inú ẹ̀kẹta láti wò ó bóyá afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀. Orí mi há díẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ tán, ojú ń tì mí láti sọ pé mi ò rà á mọ́.

Ọ́fíìsì kan wà níbẹ̀ tó máa ń dá díẹ̀ padà nínú owó fún ẹni tó bá ra ààrò tí kì í rú èéfín sílé. Wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù, mo mú un wálé. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni olórí ilé. Mo kọ orúkọ mi, Abi ní kí ni mo kọ, mo kà á fún wọn, wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa fún ìjọba! Wọ́n ní ṣé èmi ni olórí ilé yìí ni, àbí Thab-lha, òrìṣà tó ń gbé inú ààrò, tí a kì í jẹun láìkọ́kọ́ bù fún? Nilza, òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo pa orúkọ mi rẹ́, mo kọ ti òrìṣà. Ọjọ́ orí, mo kọ pé ó ju ti Abi lọ. Iṣẹ́, mo kọ pé ó ń jókòó sínú ààrò. Níbi tí wọ́n ní kí ó tẹ ìka sí, a fi eérú síbẹ̀. Nígbà tí mo dá a padà sí Leh, akọ̀wé wọn wo fọ́ọ̀mù náà, ó wò mí, ó ní kí olórí ilé wá fúnra rẹ̀ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti ìwé báńkì. Mo ní kì í jáde. Ó ní a ò rí nǹkan ṣe sí i nìyẹn. Jọ̀ọ́, bá mi béèrè ní Delhi bóyá báńkì kan wà tó lè wá bá òrìṣà nílé.

Haidar gbé ààrò wá pẹ̀lú ọkọ̀. Ó ní kí a tẹ́ òkúta pẹlẹbẹ sábẹ́ rẹ̀, kí ó jìnnà sí ògiri tó gígùn apá, ó sì fi irin yí ibi tí páìpù ti gba òrùlé kọjá, kí igi àjà má baà gbiná. Ó gun òkè, ìyá rẹ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú látìsàlẹ̀, èmi dúró nísàlẹ̀ mò ń pàṣẹ. Iná àkọ́kọ́ kékeré ni, ó ń rùn nítorí ọ̀dà ara irin. Abi fún imú. Wọ́n ní òórùn ọjà ni.

Ibi tí wàhálà ti dé nìyí. A kò lè sọ òrìṣà nù sínú ààrò amọ̀ kí àwa máa yáná níbòmíràn. Abi fi ọwọ́ ara wọn wa ẹyin iná láti inú ààrò àtijọ́, wọ́n fi ewé shukpa lé e, ó ń tú òórùn dídùn, wọ́n gbé e la àgbàlá kọjá, wọ́n dà á sínú ààrò irin, wọ́n fi bọ́tà kan ara rẹ̀ níbi mẹ́ta. Abi yọjú wo gíláàsì, wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní iná lásán ni, kò sí ẹnikẹ́ni nílé. Bí wọ́n ṣe ká ìbora wọn nìyẹn, wọ́n padà sínú ilé ìdáná àtijọ́, sínú èéfín, a sì ń gbọ́ ikọ́ wọn láti ibi tí a wà, khọ́, khọ́, khọ́, bí ẹni ń gé igi. Mo lọ kúnlẹ̀. Mo ní Abi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa kú síbí o. Wọ́n ní tí àwọn bá kú, ọ̀dọ̀ òrìṣà ilé àwọn ni àwọn kú sí, kì í ṣe ọ̀dọ̀ agolo.

Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n fi wà níbẹ̀. Ilé wa gbóná, ó mọ́lẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń gbé tíì oníbọ́tà wọn wá wo iná nínú gíláàsì, Paljor ní ó dára ju tẹlifíṣọ̀n òun lọ, pé ìyẹn kì í móoru. Mò ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ gbogbo ìgbà tí ikọ́ yẹn bá dún, ẹ̀rín mi á gé.

Àpótí funfun kékeré tí o fi ránṣẹ́ pé kí a kọ́ sára ògiri, a ti kọ́ ọ. O kàn ní ó máa ṣọ́ wa, o ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n mo ti lóye rẹ̀. Iná kékeré tó ń ṣẹ́jú lára rẹ̀ yẹn, ìwọ lò ń wò wá láti Delhi. Mo máa ń kí ọ láràárọ̀. Mo máa ń gbé àwo oúnjẹ sókè kí o lè rí i pé à ń jẹ ẹran. Ìyá rẹ máa ń fi aṣọ bò ó tó bá fẹ́ pààrọ̀ ẹ̀wù, má bínú sí i.

Ó wá di ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Igi ti jó tán, ó ku ẹyin iná pupa, kò sí èéfín kankan. Mo gun òrùlé, mo rí i pé yìnyín ti yọ́ yí páìpù ká, àwọn ẹyẹ sì tò síbẹ̀, wọ́n ń yáná. Inú bí mi. Ṣé owó ọmọ mi lẹ fẹ́ máa fi yáná ni? Irin kékeré kan wà lára páìpù tí a fi ń dín ọ̀nà èéfín kù, Haidar sì ti kìlọ̀ fún mi pé mi ò gbọdọ̀ dí i pátápátá láé. Mo rò pé nítorí èéfín ló ṣe sọ bẹ́ẹ̀, èéfín kò sì sí mọ́. Mo dí i pa.

Ọmọ mi, ooru yẹn dùn! Mo bọ́ ẹ̀wù kan, mo bọ́ ìkejì. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín láìsí ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní ayọ̀ nìyẹn. Ìyá rẹ ní orí ń fọ́ òun, mo ní ó ti lọ́ra jù láti gba ayọ̀. Paljor ti sùn lọ, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo fẹ́ dìde bu tíì, ẹsẹ̀ mi kò dá mi lóhùn. Ìgbà yẹn ni àpótí funfun figbe ta.

Irú igbe wo nìyẹn! Abi gbọ́ ọ láti ilé ìdáná wọn. Wọ́n já wọlé tọ̀pá tọ̀pá, wọ́n wo ojú wa, wọ́n wo ààrò, wọ́n ní ẹ̀yin dìndìnrìn wọ̀nyí, kí lẹ fi òrìṣà ṣe? Ta ló dí i lẹ́nu? Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, wọ́n fi ọ̀pá ti fèrèsé síta, wọ́n ṣí irin páìpù, wọ́n na Paljor títí ó fi jí, wọ́n sì dà wá síta sínú yìnyín bí ẹni ń da ewúrẹ́. Paljor bì. Ìyá rẹ bì. Èmi bì sórí bàtà mi. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wa ni ojú wa tó là.

Nígbà tí a padà wọlé, àpótí ti dákẹ́, Abi sì dúró níwájú gíláàsì pẹ̀lú ewé shukpa lọ́wọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ìyàwó ọ̀ṣìngín. Wọ́n ní ó ti wá. Wọ́n ní ṣé ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀? Tí kò bá sí nílé, ṣé á pariwo tó báyẹn nígbà tí ẹ dí i lẹ́nu? Ó ti wá!

Haidar yà lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ kejì. Bí mo ṣe sọ fún un, ó káwọ́ lérí, ó ní ẹyin iná ní èémí burúkú kan tí a kì í rí, tí kò sì ní òórùn, tó máa ń mú èèyàn sùn láìjí mọ́, pé tí kì í bá ṣe àpótí yẹn, òkú mẹ́ta ni òun ì bá wá bá. Ó yọ irin páìpù náà, ó mú un lọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ìwọ lo rí wa láti Delhi tí o figbe ta. O ṣeun, ọmọ mi. Ohùn rẹ le o. Ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún, tí o bá wálé, má sọ fún Abi pé ìwọ ni. Jẹ́ kó jẹ́ òrìṣà.

Ní ti ìtọ́jú rẹ̀, má fòyà. Igi tó ti gbẹ fún ọdún méjì nìkan là ń fi sí i, a kì í fi èèpo àlùbọ́sà tàbí irun sí i, òrìṣà kò fẹ́ ẹ, Haidar náà kò fẹ́ ẹ. Ìyá rẹ ń kó eérú lọ bo ìgbẹ́ ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni mò ń so ẹ̀gún mọ́ okùn tí mo fi ń fọ inú páìpù láti òkè, Paljor sì ń gba ẹ̀gbin rẹ̀ nísàlẹ̀, pẹ̀lú ojú rẹ̀.

Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún fóònù mìíràn, èyí tí kì í wú. Fi díẹ̀ kún un fún bátìrì àpótí náà, kí ojú rẹ má baà ṣú. Kí ọ̀nà rẹ là, kí oúnjẹ má wọ́n ọ, kí o pẹ́ láyé, kí àwọn ọmọ rẹ wá tọ́jú rẹ bí o ṣe ń tọ́jú wa, àmín.

Mo ti parí lẹ́tà yìí lánàá, ṣùgbọ́n yìnyín kò jẹ́ kí bọ́ọ̀sì wá, ni mo bá tún ṣí i. Abi, tí wọ́n ti ń dúró de ọjọ́ rere láti ọjọ́ Ẹtì, ká ìbora wọn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò irin láàárọ̀ yìí. Wọ́n bu àkọ́bù oúnjẹ sórí irin fún òrìṣà, wọ́n jẹun, wọ́n fara ti ògiri, wọ́n sùn. Mo jókòó tì wọ́n, mò ń dúró de ikọ́. O mọ̀ pé kí a tó ka ogún ló máa ń jí wọn. Mo ka ogún. Mo ka ọgọ́rùn-ún. Mo ka gbogbo iye tí mo mọ̀ tán. Ẹ̀rù bà mí, mo gbé etí lé àyà wọn, wọ́n ń mí, jẹ́jẹ́, bí ọmọ ọwọ́. Ni omi bá ń dà lójú mi. Ìyá rẹ ní kí ló dé, mo ní èéfín ni. Ó wo òkè, ó wo gbogbo yàrá, ó ní èéfín wo, nínú ilé yìí?

Èmi ni,
Bàbá rẹ,
Tundup