Oúnjẹ Àwọn Ará Íńdíà àti Oko Iṣu Wa

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ooru yìí, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ fún yín láti Kouloundè ní Sokodé níbí. Mo kí Bùráímọ̀ àbúrò mi, mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń pọnmi fún yín, mo kí àwọn ọmọ ilé. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn, torí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan gbogbo ọmọ Kambolé ìlú wa tó wà lẹ́yìn odi. Kí Bùráímọ̀ kà á sókè fún yín, kó má fo ibì kankan, pàápàá ibi tí mo ti dárúkọ rẹ̀.

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Èmi tí mo kúrò nílé ìwé kí olùkọ́ tó mọ orúkọ mi dáadáa, èmi náà ni mo kọ́ ilé alájà yìí. Kò sí ẹni tó ń ta iṣu láti Tchamba dé Sokodé tí kò mọ̀ mí. Bí mo bá wọ ọjà, àwọn Haúsá á máa pè mí ní máígídá, ìyẹn baálé ilé, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Mi ò yangàn, ohun tó wà níbẹ̀ ni mò ń sọ. Ṣùgbọ́n òkè ilé náà dákẹ́. Àwọn ọmọ wà ní Lomé, Faransé ni wọ́n ń sọ sí mi lórí fóònù. Èmi àti ìyàwó mi la máa ń jókòó ti abọ́ ńlá kan, bí ẹni tó ń retí àlejò.

Ọ̀rọ̀ oko wa ló mú mi kọ̀wé. Ẹ mọ ará Íńdíà tó ń ra kajú lọ́wọ́ wa, Músíọ̀ Kúmáà. Ó fẹ́ kí a gbin kajú sí gbogbo oko bàbá wa lọ́nà Bago, láti orí òkè dé etí odò, kó máa ra gbogbo èso rẹ̀. Bí kajú bá sì ti dàgbà, iṣu ò ní rí oòrùn níbẹ̀ mọ́. Bùráímọ̀ ti gbà, ó tiẹ̀ ti pọ́n àdá. Ẹ̀yin ní ohun tí mo bá sọ náà ni. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ dáhùn.

Músíọ̀ Kúmáà wá ní ká lọ jẹun, ká fi parí ọ̀rọ̀. Ilé oúnjẹ kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí lẹ́bàá ọ̀nà ńlá, wọ́n ní oúnjẹ Íńdíà ni wọ́n ń sè níbẹ̀. Mo wọ agbádá funfun mi. Mo débẹ̀, mo rí i pé ọmọ Kotokoli ni alásè, tó lọ kọ́ iṣẹ́ ní Lomé. Ó gbé ìrẹsì wá, àti adìyẹ nínú ọbẹ̀ tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, àti búrẹ́dì pẹlẹbẹ. Òórùn rẹ̀ kò burú.

Nílé wa, ẹni tó ni oúnjẹ ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, kí ọkàn àlejò lè balẹ̀. Bí ẹ ṣe kọ́ mi nìyẹn. Mo ká ọwọ́ agbádá, mo ń wo ẹnu Músíọ̀ Kúmáà. Òun náà gbọ́wọ́ lé itan, ó ń wo ẹnu mi. A sọ ti kajú, a sọ ti ọ̀nà tó bàjẹ́, a sọ ti ooru. Ọbẹ̀ náà tutù, ó di awọ lójú bí ẹ̀kọ. Alásè yọjú, ó béèrè lédè Tem, èdè àwọn Kotokoli, bóyá mo ń gbààwẹ̀ ni.

Ìgbà tó yá, Músíọ̀ Kúmáà béèrè bóyá oúnjẹ náà kò wù mí. Mo ní òun ni mò ń dúró dè. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. Ó ní nílé tòun, àlejò ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ kan oúnjẹ. Ó wá tọ́ ọ wò, ó sì gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó ní ó jọ pé orí fóònù ni wọ́n ti ṣàpèjúwe kọ́rì, ọbẹ̀ ilé wọn yẹn, fún ẹni tó sè é. Èmi náà tọ́ ọ wò. Iyọ̀ rẹ̀ ò dé, adìyẹ rẹ̀ le. Kò burú débi kéèyàn bínú, kò sì dáa débi kéèyàn padà síbẹ̀.

Mo ní kó má dààmú ara rẹ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti ń jókòó ti oúnjẹ tó ń tutù. Mo sọ fún un pé bí iṣu tuntun bá jáde ní Kambolé, a ó sè é, a ó bu epo sí i, gbogbo wa á yí abọ́ ká, ẹnikẹ́ni ò sì ní fọwọ́ kàn án títí ẹ̀yin á fi gbé tiyín mì. Mo ní ẹ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ ó béèrè omi, ẹ ó béèrè ta ló ti bímọ, ká má bàa tètè dìde. Ó béèrè ibi tí iṣu náà ti ń wá. Mo ní etí odò, nínú oko tí à ń sọ yẹn. Ẹnu mi ló sọ ọ́, etí mi ló gbọ́ ọ.

Ó ní ìyá òun náà máa ń kọ́kọ́ tọ́ ìrẹsì tuntun wò. Nígbà tí wọ́n wá fi òwú gba gbogbo ilẹ̀ wọn, ṣọ́ọ̀bù ni ìyá rẹ̀ ti ń ra ìrẹsì. Ó ní ìrẹsì ṣọ́ọ̀bù kò ní ọjọ́ tó jẹ́ tuntun, nítorí náà kò sí ọjọ́ tí wọ́n ń pe àwọn ọmọ wálé. Lẹ́yìn náà ó nu ẹnu, ó ní òun ṣì fẹ́ oko náà o. Oníṣòwò ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Mo ní orí òkè olókùúta ni tirẹ̀, etí odò kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa. Ó ní ààbọ̀ oko ò tó òun. Mo ní ààbọ̀ kọ́rì ló jẹ, kò sì kú. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, òun ló sì sanwó. Mi ò bá a dù ú, èmi ni àlejò.

Ẹni tó mọ̀ mí mọ̀ pé mi ò kì í fi èrè sílẹ̀. Mo fi èyí sílẹ̀. Bùráímọ̀, bó o bá dé ibi igi òrí tó pààlà orí òkè àti etí odò, dá àdá dúró.

Ìyá mi, bí iṣu tuntun bá jáde, mo ń bọ̀, màá sì kó àwọn ará Lomé wá, wọn ì báà fẹ́, wọn ì báà kọ̀. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kó jẹ́ kí eyín tó kù lẹ́nu yín dúró. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà àdúgbò, ẹ kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi. Kí ẹ tọ́ iṣu náà wò fún wa, kí ẹ sì jẹ ẹ́ pẹ́ tó bí ẹ bá ṣe fẹ́. Bó bá tutù, kó tutù.

Èmi ni ọmọ yín,
Yésúfù