Ohun tí Mo Gbà ní Káńtà Ìsàlẹ̀ Ilé Ẹjọ́

Ojúlé Kẹrìnlá, Òpópónà Mill Creek,
Káúńtì Tolliver, Kentucky.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹjọ, ọdún 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Marlena,

Mo kí yín láti ilé wa títí dé orí òkè Montana tí ẹ ti ń pa iná igbó. Ṣé ara le? Ṣé èéfín ò tíì sọ yín di ẹran yíyan? Àwa náà wà láàyè níhìn-ín, ṣùgbọ́n àyà àbúrò yín ti já láti Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, kò sì tíì padà sí àyè rẹ̀. Mo pe fóònù yín títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, kò wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi gbé bírò. Ẹ jókòó kí ẹ tó kà á síwájú. Bí igi bá wà nítòsí, ẹ dì í mú.

Ẹ ní kí n lọ sí ilé ẹjọ́ káúńtì, kí n gba ẹ̀dà ìwé ìgbéyàwó Dádì àti Mọ́mì, ká lè fi sínú férémù fún àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wọn lóṣù kẹwàá. Mo lọ. Káńtà méjì ló wà níbẹ̀. Ti òkè ń tọ́jú ìwé ìgbéyàwó àti nọ́ńbà ọkọ̀, ti ìsàlẹ̀ ń tọ́jú ìwé ẹjọ́. Èrò tó wà lókè, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń pín adìẹ díndín lọ́fẹ̀ẹ́! Gbogbo àgbẹ̀ ayé ló wá gba nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìsàlẹ̀ ṣófo. Ẹ mọ̀ mí, èmi kì í tò sórí ìlà. Mo ní ìwé ni ìwé ń jẹ́, ibi tó bá yá ni kí n ti gbà á.

Àǹtí Nadine Hargis, tó kọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ló wà ní káńtà. Bí wọ́n ṣe rí mi ni wọ́n gbá báàgì wọn mọ́ra. Wọ́n ní, “Denver Sizemore, kí lo tún bàjẹ́?” Mo ní, “Àǹtí, láti àná ni mo ti di ẹni mímọ́. Ìwé Darrell àti Rhonda Sizemore ni mo wá gbà.” Wọ́n tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n ní, “Ti ọdún 2016?” Mo ní, “Rárá o, ọdún 2000 ni wọ́n ṣègbéyàwó.” Ojú wọn yí padà bí ẹni tó gbé ata mì. Wọ́n rọra ní, “Òkè ni ti ìgbéyàwó, ọmọ mi. Máa lọ sókè.”

Ẹni tó bá ní kí Denver má wo inú ìkòkò ti bá a ṣí i nìyẹn. Mo ní, “Kí ló wà nísàlẹ̀ níbí?” Wọ́n yí ojú kọ̀ǹpútà kúrò lọ́dọ̀ mi. Mo ní, “Ṣé ẹnikẹ́ni lè béèrè fún un?” Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ẹnikẹ́ni. Òfin ò gbà mí láyè kí n bi ọ́ pé kí lo fẹ́ fi ṣe. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, kọ́kọ́ lọ bi ìyá rẹ ná.” Mo ní kí wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì sí i, mo sanwó, wọ́n ní kí n padà wá lọ́sàn-án. Kámẹ́rà ara ògiri ni wọ́n fi ń gba ohùn àti àwòrán ẹjọ́ sílẹ̀ níbí, wọ́n sì ní láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ sórí àwo sídì fún mi.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni! Láti ọdún mẹ́sàn-án ni Dádì àti Mọ́mì ti kọ ara wọn sílẹ̀! Àwọn tó ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu nídìí sítóòfù títí ẹ̀wà fi ń jóná! Níwájú kọ̀ǹpútà ilé ìkàwé tí mo ti wo sídì náà, ẹnu mi là débi pé ọkọ̀ èédú lè gbabẹ̀ kọjá kó má kan eyín.

Mọ́mì nìkan ló wà nínú fíìmù náà pẹ̀lú lọ́yà wọn. Adájọ́ ní, “Ìyáàfin, ẹ ti búra o. Ṣé ìgbéyàwó yìí ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe?” Adájọ́ tún béèrè. Ọwọ́ ara wọn ni Mọ́mì ń wò. Ìgbà tó béèrè lẹ́ẹ̀kẹta ni wọ́n tó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, sà,” ohùn wọn ò ju ti ẹ̀fọn lọ. Ó wá bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ padà sí orúkọ bàbá wọn. Kíá ni Mọ́mì gbórí sókè: “Rárá o, sà! Orúkọ ọkọ mi ni mo fẹ́ máa jẹ́.” Lọ́yà gbójú sájà. Adájọ́ wo Mọ́mì títí, ó fọwọ́ síwèé. Mo ń wo ibẹ̀ ní àwòtúnwò títí wọ́n fi lé mi jáde ní ilé ìkàwé.

Ohun tí mo rí ò yé mi, inú sì ń bí mi. Nígbà tí a ń jẹun alẹ́, mo ní, “Mísì Rhonda tí kò lọ́kọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ na búrẹ́dì àgbàdo sí mi.” Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Dádì yí àga onítáyà wọn sí mi, wọ́n ní, “O dé káńtà ìsàlẹ̀.” Mo pariwo pé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún wa látọjọ́ yìí. Mọ́mì bú sẹ́kún.

Dádì ló ṣàlàyé. Ẹ rántí ọdún tí wọ́n jábọ́ láti orí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń kàn, tí ẹsẹ̀ wọn kú. Ìjọba gbà láti sanwó ilé ìwòsàn, àti ti nọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn dìde láràárọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò ní nǹkan kan ni. Tí wọ́n bá ṣì jẹ́ tọkọtaya, owó iṣẹ́ Mọ́mì di ti Dádì náà lójú òfin. Àfi kí a kọ́kọ́ jẹ gbogbo ohun tí a ní tán, ilé lè bá a lọ. Lọ́yà ní ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù, kí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ lórí ìwé. Dádì ní, “Èmi ni mo bẹ ìyá yín kó lọ. Ó bú mi títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́.” Mo ní ṣebí wọ́n lè tún ara wọn fẹ́. Mọ́mì ní, “Ọjọ́ tí a bá fẹ́ra padà ni nọ́ọ̀sì ò ní wá mọ́.”

Mọ́mì ní nígbà tí àwọn padà délé láti ilé ẹjọ́ lọ́jọ́ náà, Dádì bi àwọn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, “Ṣé wọ́n ti tú wa ká?” Àwọn ní, “Wọ́n ti tú wa ká.” Dádì ní, “Ó dáa. Kí la máa jẹ?”

Ẹ̀gbọ́n mi, ìkéde àjọ̀dún tí ẹ ti sanwó rẹ̀ fún ìwé ìròyìn káúńtì ló ń dẹ́rù bà mí báyìí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rí sí ìrànwọ́ Dádì ń ka ìwé ìròyìn yẹn ju Bíbélì lọ. Bí ẹyọ ẹnì kan bá rí “ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nínú ìgbéyàwó” níbẹ̀, wọ́n á ní a purọ́ fún ìjọba, wọ́n sì lè dá nọ́ọ̀sì dúró títí wọ́n á fi wádìí tán. Ta ni yóò wá máa gbé Dádì? Mo ti lọ bẹ àwọn oníwèé ìròyìn. Wọ́n ní ẹni tó sanwó nìkan ló lè dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí fóònù ti ń wọlé kí oṣù kẹsàn-án tó parí, kí ẹ pè wọ́n. Ẹ má gbàgbé o.

Kí Ọlọ́run má ṣe fi ọ̀nà ibùdó yín han iná. Kí atẹ́gùn máa fẹ́ ẹ lọ níwájú yín, kí ẹsẹ̀ tó gbé yín lọ gbé yín bọ̀ láìfarapa.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tí ojú rẹ̀ ti rí màbo,
Denver.

Àfikún: Marlena, èmi bàbá rẹ ni mo gba bírò lọ́wọ́ ọmọ yìí. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ, àyàfi bí ẹnu rẹ̀ ṣe là tó. Dá ìkéde yẹn dúró, ṣùgbọ́n má fagi lé àsè. Jẹ́ kí wọ́n kọ Darrell àti Rhonda sórí kéèkì, kí wọ́n má kọ iye ọdún. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé òun ò kọ̀ mí rí láyé òun. Mo ní kó lọ sọ ìyẹn níwájú adájọ́. Tówẹ̀lì ló fi ń nà mí báyìí, òun ló jẹ́ kí ìkọ̀wé mi wọ́.