Ẹ Bu Ti Ọmọ Kí Ẹ Tó Da Ata

Bàbá Ọmọ,

Ọmọ wà lọ́dọ̀ màmá yín ní yàrá. Ó sunkún títí oorun fi gbé e lọ.

Abọ́ kékeré tí ẹ fi sórí tábìlì kí ẹ tó jáde, mo rò pé ẹ̀wà ọmọ tí mo ní kí ẹ bù sọ́tọ̀ ni. Síbí kan péré ni mo fi sí i lẹ́nu, ló bá figbe ta. Ata! Ó kọ ọmú, ó kọ omi. Màmá yín sáré wọlé: "Ta ló fún ọmọ ọwọ́ láta?" Mo ní èmi ni. Wọ́n bú mi bí ẹni tí kò bímọ rí.

Kí ló le níbẹ̀ gan-an? Ìkòkò kan náà ni gbogbo wa ń jẹ. Bí ọ̀dùnkún alẹ́ òní bá ti rọ̀, ẹ bu tirẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ kó kúnná, kí ẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá da iyọ̀ àti ata sí ti àwa eléyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún un.

Mi ò bínú. Irọ́ ni, inú ń bí mi.

Kí n tó ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ dé, ẹ sọ fún màmá yín pé ẹ̀yin ni.