Ṣé "Bí" Ni Bàbá Sọ, Àbí "Àfi Bí"?

Ojúlé Kẹsàn-án,
Àdúgbò Ìdí-Igbá,
Ìkìrun,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Kọkànlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Àtọ́kẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n tí a jọ fi eyín pín rọ́bà,

Ṣé àlàáfíà ni mo bá ọ ní Àkúrẹ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ nígbà tí o wá síbi ìsìnkú Ìyá yín ńkọ́, ṣé ó ti lọ sílẹ̀? Ṣé Bàbá Ayọ̀mídé ti ń gbádùn ìfẹ̀yìntì wọn, àbí wọ́n ṣì ń jí láàárọ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ to àwọn ọmọ ìwé sórí ìlà? Mo gbọ́ pé ọmọ tuntun Ayọ̀mídé ti ń dìde dúró. Ẹ kú ìtọ́jú o, ẹ sì kú ọ̀wọ́n ọjà. Àwa náà wà níbí, ara le, a dúpẹ́. Àgbàdo tuntun ti wọlé láti Ìgbàyè, iye tí wọ́n ń ta kóńgò sì ti wálẹ̀. Ìyẹn dára fún ẹni tó ń rà. Kò dára tó bẹ́ẹ̀ fún èmi tí mo ti ra tèmi jọ kó tó wálẹ̀.

Má fi mí rẹ́rìn-ín pé mò ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, káàdì á tán kí n tó dé ìdajì, ìwọ náà á sì máa pariwo "háló, háló, mi ò gbọ́ ọ." Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbéèrè kan wà nídìí rẹ̀ tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ rò dáadáa, nítorí ìwọ nìkan ló kù láyé tó lè dá mi lóhùn.

O mọ Ìmọ́lẹ̀olúwa, àbígbẹ̀yìn mi, tó parí yunifásítì lọ́dún tó kọjá. Ó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ lọ́yà lókè òkun, wọ́n sì ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ìwọlé kan. Ìdánwò náà kò jọ èyí tí èmi àti ìwọ mọ̀. Kò béèrè ìṣirò, kò béèrè orúkọ odò. Wọ́n á kàn sọ ọ̀rọ̀ kan fún ọ, wọ́n á ní kí o sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kí o sì yọ èyí tí o fi orí ara rẹ gbé síbẹ̀ kúrò. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ "bí èyí bá rí báyìí, ìyẹn á rí báyìí." Ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń kọsẹ̀. Ó wá ní kí n máa gbọ́ òun bí òun bá ń túmọ̀ wọn sí Yorùbá, pé bí ó bá yé mi, á jẹ́ pé ó yé òun náà. Èmi tí mo fi ìwé mẹ́fà parí ìwé tèmi! Mo ní kó máa bọ̀, ṣebí etí ni, wọn kì í gbowó etí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọjà dákẹ́, ó gbé àga ti àpò ẹ̀wà, ó ní, "Mọ́mì, bí Ajíbádé bá wọ mọ́tò, Motọ́láyọ̀ á wọ mọ́tò. Ajíbádé kò wọ mọ́tò. Motọ́láyọ̀ ńkọ́?"

Mo ní, "Kò wọ̀ ọ́ mọ́ nìyẹn."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ìwọ náà ni! Kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀ nígbà tí ẹni tó torí ẹ̀ múra ò lọ?"

Àtọ́kẹ́, ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní òun ò sọ pé Motọ́láyọ̀ torí ẹnikẹ́ni múra, ó lè jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ló rán an níṣẹ́. Ó ní bí Ajíbádé bá lọ, a mọ̀ pé Motọ́láyọ̀ á lọ. Bí Ajíbádé kò bá lọ, ìbéèrè panu mọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo ní irọ́ ni. Mo ní bí mo bá sọ fún oníbàárà pé bí ó bá ra àpò mẹ́wàá màá bá a gbé e délé lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó ra mẹ́ta ò ní dúró máa wo ojú ọ̀nà, ó ti mọ̀ pé òun ò sí níbẹ̀.

Ó ní, "Ìyá àgbà Olúsọjí tí wọ́n ra ìdajì àpò lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́? Ta ló gbé e délé fún wọn?"

"Arúgbó ni wọ́n, ìwọ ọmọ yìí."

"Ẹ ò rí i? Wọn ò ra mẹ́wàá, ẹ sì gbé e. Ẹ ò sì parọ́ o, Mọ́mì. 'Bí' lẹ sọ, ẹ ò sọ 'àfi bí.'"

Ó wá ṣàlàyé é fún mi. Ó ní "bí" ń ṣí ilẹ̀kùn kan ni, kò ti ìkejì. "Àfi bí" ló ń tì í. Ó ní ohun tó ń já àwọn tó ń ṣe ìdánwò náà kulẹ̀ jù nìyẹn, wọ́n á rí "bí," wọ́n á kà á sí "àfi bí." Mo ní mo ti gbọ́, kó jẹ́ kí n dá oníbàárà lóhùn. Mo wọn kóńgò ẹ̀wà àkọ́kọ́, mo fẹ́ wọn ìkejì, ọwọ́ mi wá dúró sínú àpò. Oníbàárà ní, "Ìyá Ìmọ́lẹ̀, ṣé kò sí wàhálà o?" Mo ní kò sí.

Ó sì wà. Bàbá mi ló ń sọ̀rọ̀ létí mi.

Ṣé o rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ku ọ̀la kí á ṣe ìdánwò àbáwọlé girama, níwájú ilé wa ní Òkukù? Bàbá ń kan ẹsẹ̀ àpótí ìjókòó tó ti yẹ̀, wọ́n fi ìṣó há ẹnu. Wọ́n yọ ìṣó náà kí wọ́n tó sọ̀rọ̀, ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni. Wọ́n ní, "Dùntán, bí o bá yege ìdánwò yìí, màá rán ọ lọ sí girama." Ìwọ fẹ̀yìn ti òpó, ò ń jẹ gúgúrú, o ní, "Á yege, Bàbá, èmi ni màá jókòó tì í." Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bá ẹlòmíì yege.

Lọ́jọ́ kejì, a fẹsẹ̀ rìn lórí irin rélùwéè láti Òkukù dé Inísà. Ìwọ wà lórí irin kan, èmi wà lórí ìkejì, a nawọ́ síra wa kí ẹnikẹ́ni má baà ṣubú. Ìgbà tó bá yá, a ó dùbúlẹ̀ fi etí lé irin bóyá rélùwéè ń bọ̀, aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ fún wa ti rún kí a tó dé ibi ìdánwò. Rọ́bà kan ṣoṣo ni a ní tí a fi ń pa lẹ́ẹ̀dì rẹ́. O fi eyín gé e sí méjì, o fún mi ní èyí tó tóbi. Ó ṣì ń ṣe mí bíi pé rọ́bà ńlá yẹn ló kó bá mi, mo fi pa èyí tó dára rẹ́ mọ́ èyí tí kò dára.

Ojú irin náà ṣì wà o. Mo kọjá níbẹ̀ lóṣù tó kọjá nígbà tí mo lọ wo ilé Bàbá. Koríko ti bò ó, ewúrẹ́ ń jẹko láàárín rẹ̀. Ó wù mí kí n gun orí rẹ̀, mo wá rántí pé ẹni tí yóò dì mí lọ́wọ́ mú wà ní Àkúrẹ́.

Nígbà tí èsì jáde, orúkọ rẹ wà lára ògiri, tèmi ò sí níbẹ̀. O sunkún jù mí lọ. Mo délé, Bàbá wo ojú mi, wọ́n ní, "Kò burú." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi ni mo fúnra mi palẹ̀ ẹrù mi mọ́. Mo ní kí Ìyá mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ní Ìkìrun kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ta ọkà. Kò sẹ́ni tó lé mi. Mo ti ṣe ìṣirò tèmi: bí mo bá yege, màá lọ, mi ò yege, ó parí.

Ohun tí mi ò sọ fún ọ rí ni pé nígbà tí ilé-ìwé fẹ́ wọlé lọ́dún náà, Bàbá wá bá mi ní ìsọ̀. Bàbá tí kì í kúrò lóko láàárín ọ̀sẹ̀! Ṣòkòtò tí wọ́n fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n wọ̀. Wọ́n mu omi, wọ́n wo kóńgò tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Dùntán, ṣé kò sí ohun tí o fẹ́ bá mi sọ?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n Ìyá mi ń febi pa mí ni. Mo ní, "Kò sí o, Bàbá." Wọ́n tún jókòó díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa náà," wọ́n sì lọ wọ mọ́tò Òkukù. Mò ń wo ẹ̀yìn wọn títí wọ́n fi yà.

Ṣé ohun tí wọ́n ń dúró dè ni pé kí n ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe"? Ṣebí àwọn èèyàn ń tún un ṣe. Tímótì ọmọ bàbá yín ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, irùngbọ̀n ti fẹ́ máa hù kó tó wọlé.

Má rò pé mò ń banújẹ́. Ọkà kọ́lé fún mi, ó sì rán ọmọ níwèé. Ó kàn ń ṣe mí bí ẹni tó rí kọ́kọ́rọ́ ilé tí wọ́n ti wó ni.

Bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ nìkan ni, bóyá mi ò ní kọ̀wé. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni Ìyáàfin Ọdúnayọ̀, tó ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Inísà, wá ra ẹ̀wà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní kí ni mo ṣe? Ó ní, "Ọmọ yín ni mo ń dúpẹ́ lórí ẹ̀ o. Ó ní kí n fi àyè olùkọ́ kan sílẹ̀ de òun. Ó ní bí ìdánwò yẹn ò bá bọ́ sí i, òun ò tún dán an wò mọ́ láyé òun."

Iṣẹ́ olùkọ́ ò burú, ìwọ náà fi tọ́ ọmọ. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé ọmọ mi ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ kí èsì tó jáde. Àtọ́kẹ́, èmi náà ti sọ ọ́! Nígbà tó kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, owó ọjà ni mò ń kà, mi ò tilẹ̀ gbójú sókè, mo ní, "Bí o bá yege, màá ta ilẹ̀ mi tó wà lọ́nà Èkó-Ẹ̀ndẹ́ fi rán ọ lọ." Ọ̀rọ̀ Bàbá gẹ́lẹ́. Mo fún un ní ìdajì, mo mú ìdajì sọ́wọ́. Ọmọ tó ń kọ́ mi lójoojúmọ́ pé "bí" kì í ṣe "àfi bí," òun gan-an gbọ́ "bí" lẹ́nu ìyá rẹ̀, ó kà á sí "àfi bí."

Nígbà tí a délé nírọ̀lẹ́, mo ní kó gbé ìwé sílẹ̀, èmi ni mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè. Mo ní, "Bí Ìmọ́lẹ̀ bá yege, ìyá rẹ̀ á ta ilẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ kò yege. Kí ni ìyá rẹ̀ á ṣe?"

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó ní, "Ìbéèrè ò sọ."

Mo ní, "Ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́ báyìí. Bí kò bá yege, ìyá rẹ̀ á sanwó kó tún un ṣe. Bí kò bá wù ú kó tún un ṣe, wọ́n á jọ jókòó wá ọ̀nà mìíràn. Kò sí àfi kankan níbẹ̀."

Ó ń fi èékánná ha etí tábìlì. Ó wá ní, "Mọ́mì, bí mo bá yege, owó á jáde lọ́wọ́ yín. Bí mi ò bá yege, owó á jáde lọ́wọ́ yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ná àlùbọ́sà títí inú á fi bí alálùbọ́sà!"

Mo ní, "Mo ti ṣírò rẹ̀."

Ó gbé orí lé mi léjìká, bó ṣe máa ń ṣe kó tó ga jù mí lọ. Oúnjẹ tó ti ń fi ṣíbí tì kiri láti ọjọ́ mélòó kan, ó jẹ ẹ́ tán lọ́jọ́ náà, ó tún bu òmíràn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni ìdánwò ọ̀hún. Ẹ bá wa fi í sínú àdúrà.

Ìbéèrè mi wá nìyí. Ìyá mi wà ní ìdáná nígbà tí Bàbá sọ̀rọ̀ yẹn, wọn ò gbọ́ ọ. Ìwọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ṣé "bí o bá yege" ni Bàbá sọ, àbí "àfi bí o bá yege"? Létí tèmi, "bí" ni. Ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ohun tí mo fọwọ́ ara mi wọ̀n, mo máa ń fẹ́ kí ẹlòmíì tún un wọ̀n.

Ìmọ́lẹ̀ ń kí ìyá òun ní Àkúrẹ́. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi ní Òkukù ń kí ọ, wọ́n ní láti ọjọ́ tí o ti lọ, ẹni tó ń gba orin sókè kò dé ibi tí ò ń gbà á dé. Kí Bàbá Ayọ̀mídé, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun jó. Tímótì tiyín yìí náà, tó ń wa mọ́tò Àkúrẹ́ báyìí, ló ń mú lẹ́tà yìí bọ̀. Ó ní òun ò gbowó. Mo ṣì wọn kóńgò ẹ̀wà kan fún un, kó má baà gbàgbé rẹ̀ sábẹ́ àga.

Ní oṣù Kejìlá, ọ̀gbẹlẹ̀ á ti pa koríko ojú irin. Bí o bá rántí ohun tí Bàbá sọ, wá sí Òkukù wá sọ ọ́ fún mi. Bí o kò bá rántí, ṣáà máa bọ̀.

Èmi ni tìrẹ lórí irin kejì,

Adédùntán.