Ìgbànú Fàdákà Tí Mo Sè Bí Ọbẹ̀

Rositsa, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Plamen ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ikọ́ rẹ̀ ti lọ? Kalina ọmọ-ọmọ mi ńkọ́, ṣé orí rẹ̀ ti ga ju tábìlì lọ? Kí Ọlọ́run àti Màríà Mímọ́ má jẹ́ kí òtútù Sófíà wọ̀ yín lára. Tó o bá ń béèrè mi, mo wà, orúnkún ń dùn mí, ewúrẹ́ funfun ti bí ìbejì, òrùlé abà ń jò, Stoyna ilé kejì ṣì ń sọ̀rọ̀ láti òdì kejì ọgbà láti àárọ̀ títí ẹran fi ń wọlé. Bàbá rẹ ṣì wà níbi tá a sin ín sí, kò yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ páfítì ló jẹ́ kí n kọ̀wé, ìdè ìgbànú fàdákà tí ìyá bàbá rẹ fi sílẹ̀, tí gbogbo obìnrin ilé yìí máa ń dè mọ́ ìbàdí lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ bá àwọn ọmọge jó káàkiri ojúlé ní Sátidé Lásárù, ọjọ́ kan ṣáájú Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Ìwọ náà dè é, bóyá o ti gbàgbé. Nígbà tó o fóònù pé kí n fọ̀ ọ́ kó mọ́ kí Sátidé Lásárù tó pé, inú mi dùn débi pé mo fẹnu ko fóònù náà lẹ́nu. Mo sáré sọ fún Stoyna pé Kalina ń bọ̀ wá jó. Stoyna ní kí n rọra yọ̀, ó ní ọmọ Sófíà ò lè rìn nínú ẹrẹ̀ wa. Mo ní kó lọ bojú tó ìyàwó ọmọ tiẹ̀ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún wàrà.

Mo ti jọ eérú kalẹ̀ bí ìyá ọkọ mi ṣe kọ́ mi, pé kéèyàn fi àkísà rírọ̀ nu ojú fàdákà nìkan, kó má fọwọ́ kan inú kòtò rẹ̀, torí dúdú tó wà nínú kòtò yẹn ló ń jẹ́ ká rí òdòdó àti ẹyẹ tí wọ́n fín sí i. Ìwọ lo ní ti àtijọ́ nìyẹn. O ní kí n tẹ́ pépà dídán tí wọ́n fi ń wé ẹran sínú ìkòkò, kí n da omi gbígbóná, iyọ̀ àti sódà oníbúrẹ́dì sí i, kí n wá fi fàdákà sí i. Mo ṣe é bó o ṣe sọ. Mo tiẹ̀ fi àlùbọ́sà sí i, torí o ò sọ pé kí n má fi sí i. Mo dé e, mo jẹ́ kó hó dáadáa. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ẹyin tó ti bàjẹ́ ló gbá mi nímú, mo ya àmì àgbélébùú sára kíákíá, mo rò pé ìyá ọkọ mi ló ń bínú láti ọ̀run. Nígbà tí mo fà á jáde, ó ti funfun bí eyín àtọwọ́dá Stoyna. Mi ò rí òdòdó mọ́, mi ò rí ẹyẹ. Òkúta pupa àárín rẹ̀ sì ti bọ́ sínú omi, torí ìda ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́.

Mo ké. Stoyna sáré wọlé, ó ní èmi nìkan lòun tíì rí tó máa se ìgbànú jẹ nígbà ààwẹ̀. Àmọ́ òun náà ló ní kí n se ẹyin kó le, kí n fọ́ ọ, kí n kó o sínú agolo pẹ̀lú fàdákà náà, kí n dé e pa, pé dúdú rẹ̀ á padà. Ẹyin ò wọ́n mi, torí àwa la ń gbààwẹ̀ tí a kì í jẹ ẹyin, adìẹ ò gbààwẹ̀. Mo lo èyí tí mo kó jọ láti kùn ní pupa fún Àjíǹde, títí kan ti Kalina. Dúdú náà padà lóòótọ́. Mo nu ojú rẹ̀, ẹyẹ yọ, mo fi ìda lẹ òkúta náà padà, mo gbé e sórí tábìlì, mo wá ń retí yín.

Nígbà tí Sátidé Lásárù ku ọ̀la, mọ́tò kan dúró níta. Mo sáré jáde tòun ti ìyẹ̀fun lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹ̀yin. Ọkùnrin kan ni, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ní Rositsa ló rán òun. Mo gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà fún un. Ó yọ òṣùwọ̀n kékeré kan, ó gbé fàdákà lé e, mo rò pé ó ń wò ó bóyá kò ní wúwo jù fún ìbàdí Kalina, mo bá sọ fún un pé ọmọ náà lágbára. Ó ń gbé fóònù sókè sí i lọ́tùn-ún lósì, mo ní tó bá jẹ́ aago mélòó ló lù ló ń wò, aago wà lára ògiri. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún òun ní nọ́ńbà báǹkì mi. Mo ní nọ́ńbà mẹ́rin ni ilé báǹkì náà, ẹ̀gbẹ́ ilé búrẹ́dì ní ìlú ìsàlẹ̀, kò lè ṣì í. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní ibi tí owó máa wọ̀ lòun ń béèrè, àbí kí òun kúkú san án fún Rositsa bí àwọn ṣe jọ sọ ọ́. Ó ní ìwọ lo ní wàá jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, kó lè mówó gidi wá.

Rositsa, ìgbà yẹn ló tó yé mi pé o fẹ́ tà á. Mo jókòó. Ó dùn mí wọnú egungun. Mo ti fi ẹyin ọmọ rẹ tún fàdákà ṣe fún ẹni tó fẹ́ rà á! Mo gbé e kúrò lórí òṣùwọ̀n, mo ní kí ọkùnrin náà jẹ ẹ̀wà rẹ̀ tán kó máa lọ. Ó sì jẹ ẹ́ tán lóòótọ́.

Kò sí ọmọge kankan mọ́ ní abúlé yìí, nítorí náà èmi, Stoyna àtàwọn arúgbó tó kù la jó káàkiri ojúlé lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo de páfítì. Àwọn kan rẹ́rìn-ín ní ojúlé àkọ́kọ́, nígbà tó yá wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Látìgbà yẹn mi ò tú u. Òun ni mo dè fi ń fún wàrà ewúrẹ́, òun ni mo dè fi ń sùn, ó sì ń gún mi níkùn. Ojú rẹ̀ ń dán, aṣọ mi ló ń nù ún, kò nílò sódà rẹ. Stoyna ló máa wẹ̀ mí tí mo bá kú, mo ti sọ fún un pé kó má tú u. Ó ní tóun bá kọ́kọ́ kú ńkọ́. Mo ní kó má dán an wò.

Owó kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tọrọ, owó ọkọ̀ Kalina. Má fi ránṣẹ́ sí mi, fi lé awakọ̀ bọ́ọ̀sì lọ́wọ́, kó sọ ọmọ náà kalẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, màá ti dúró síbẹ̀. Òrùlé abà lè máa jò. Tí Kalina bá dé, èmi fúnra mi máa tú páfítì, màá sì dè é mọ́ ọn. Tí kò bá dé kí n tó lọ, o mọ ibi tá a sin bàbá rẹ sí. Ibẹ̀ ni kó o gbé òṣùwọ̀n wá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí ilé rẹ má tutù, kí ọmọ rẹ ṣe ọ́ jẹ́jẹ́ ju bó o ṣe ṣe mí lọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Velika