Ojú Kan Láàárín Èrò

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Mo padà sẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé tí a sin Màmá.

Ilé ìfọṣọ kò yí padà. Ooru, òórùn ọṣẹ, ariwo ẹ̀rọ. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn ilé ìtura ti kún apẹ̀rẹ̀ dé òkè. Èmi àti Ìyá Sítáàṣì la jọ ń ti aṣọ bọ ẹ̀rọ ìlọṣọ lẹ́nu: òun di etí kan mú, èmi di etí kejì mú, a nà án, ẹ̀rọ gbé e mì, ó yọ lódì kejì ní gbígbóná, pẹlẹbẹ. (Èmi ni mo sọ ọ́ ní Sítáàṣì. Bó ṣe máa ń nà ró gbọnrangandan nìyẹn. Kò mọ̀.)

Ó kí mi kú àṣẹ̀yìndè, ó ní ọjọ́ á jìnnà síra. Ó ní bí ẹkún bá ń gbọ̀n mí, kí n sun ún, ariwo ẹ̀rọ á bò ó. Mo dúpẹ́. Mo ní kò sí ẹkún kankan. Òótọ́ ni. Ó dà bí ìgbà tí pajápajá bá mú ni lẹ́sẹ̀ – ẹsẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni.

Mínísítà pè – ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni. Àṣẹ ló mọ̀ ọ́n pa. Ó ní òun máa wá kó ẹrù inú yàrá Màmá. Mo ní kò burú. Ó tún ní kí n yọ tẹlifíṣọ̀n tó ti gbó yẹn kúrò lára ògiri, kí n ra tuntun. Mo bi í bóyá ó ti jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Iṣẹ́. Ilé. Mo jẹun lórí ìdúró.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Mo ń wo tẹlifíṣọ̀n náà. Mi ò tàn án. Mo kàn ń wò ó ni.

Òun ni HD àkọ́kọ́ tó wọ ilé yìí. Èyí tó wà ṣáájú rẹ̀, oníkùn ńlá ni, ó rí bí aláboyún tó fẹ̀yìn ti ògiri. A máa ń gbá a létí kó tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tí tuntun dé, wọ́n kọ HD gàdàgbà sí ara páálí rẹ̀. Màmá bi ọkùnrin tó ń kàn án mọ́ ògiri pé kí nìyẹn túmọ̀ sí. Ọkùnrin yẹn ní, "Màmá, ó túmọ̀ sí pé kò sí nǹkan tó máa pamọ́ fún yín mọ́."

Ó tàn án. Obìnrin tó ń ka ìròyìn ló yọ. A rí ihò ara rẹ̀. A rí ibi tí àtíkè ti parí lọ́rùn. Màmá sún mọ́ ọn, ó wò ó títí, ó ní, "Obìnrin yìí kò sùn lánàá." Lẹ́yìn náà ló dìde lọ pààrọ̀ aṣọ, ó ní àwọn èèyàn yìí ti sún mọ́ òun jù. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

A wo eèrà tó ń gun ewé. A wo òjò tó ń rọ̀ sórí òrùlé. Ohunkóhun la ń wò, kó ṣáà ti mọ́ gaara.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Ìdí tí ẹ̀rín Màmá fi wọ́n nígbà náà – àbúrò mi ọkùnrin.

"Ọkọ mi" ni Màmá ń pè é, bí ìyá ṣe ń pe ọmọkùnrin rẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ kápẹ́ńtà. Ó ku díẹ̀ kó parí, ó ní òun ò ṣe mọ́. Inú bí Màmá. Ó ní, "Bí o bá jáde nílé yìí lónìí, má padà." Kò sí ìyá tí kì í sọ irú rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá ti bọ́, ó fọ́ náà nìyẹn. Ọmọ náà gbé báàgì, ó jáde. Ó pè lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Láti ìgbà náà, bí ilẹ̀kùn bá ró, ọrùn Màmá á ti yí kí tiwa tó yí.

Ọdún kẹta rẹ̀ la ra tẹlifíṣọ̀n. Kò tíì pé oṣù kan lára ògiri. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, Màmá ń ká aṣọ, èmi ń yí ìkànnì kiri, mo bá bọ́ọ̀lù pàdé, mo fi í sílẹ̀ lásán. Lórí ti àtijọ́, èrò ìwòran a máa rí bí iyanrìn aláwọ̀ oríṣiríṣi. Lórí eléyìí, olúkúlùkù ló ní ojú tirẹ̀, ló ní eyín tirẹ̀. Wọ́n gbá góòlù kan, kámẹ́rà lọ sẹ́yìn ilé góòlù, sáàárín èrò. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀, ó dé fìlà ìyẹ́, ọmọ kékeré kan jókòó sí i léjìká. Ó ń rẹ́rìn-ín.

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Màmá.

Wọ́n tún gbé e nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́. A ti fà mọ́ ọn, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Màmá ní, "Òun ni. Ọkọ mi ni. Ó ti sanra. Ó ti bímọ." Mo wo etí rẹ̀. Etí tó tẹ̀ síwájú bí ọwọ́ ìkòkò, tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀ ní kékeré. Mo ní, "Òun ni."

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Òjò. Mi ò jáde.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mi ò kọ ìyókù tán lọ́jọ́ yẹn.

Mínísítà kò gbà. Ó ní, "Màmá, tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe fèrèsé." Màmá ní, "Ìwọ kọ́ lo bí i." Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Èmi fẹ́ lọ wá a. Ìlú tí pápá yẹn wà jìn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe òkè òkun. Màmá ló dá mi dúró. Ó ní òun lòun ní kó má padà. Òun ò gbọdọ̀ tún lọ fà á lápá bí ọmọdé. Ìgbà tó bá wù ú, á wá. Ó ní ó tó òun pé ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kò sí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá ní pápá yẹn tí Màmá kò wò. Kò mọ̀ ju pé bọ́ọ̀lù rí roboto lọ. Èrò ló ń wò. Bí kámẹ́rà bá ti ń tẹ̀lé àwọn agbábọ́ọ̀lù jù, á bínú sí i: "Ẹ fi àwọn yẹn sílẹ̀, wọn ò sọnù." Ó dá àwọn òǹwòran mọ̀. Àgbàlagbà kan tó máa ń fun fèrè. Ọkùnrin sísanra kan tó máa ń sunkún, wọn ì báà borí, wọn ì báà fìdí rẹmi – Ẹlẹ́kún, bí Màmá ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Ìgbà kan Ẹlẹ́kún kò wá fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Màmá ò lè jẹun dáadáa. Ọjọ́ tó padà yọ, ó pàtẹ́wọ́.

Àbúrò mi kò yọ mọ́. Kò dun Màmá. Ó ní ọmọ ti ń lọ sílé ìwé, àyè wo ló kù fún bọ́ọ̀lù?

Oorun rẹ̀ padà. Ọrùn rẹ̀ kò yí sí ilẹ̀kùn mọ́.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Mínísítà wá kó yàrá Màmá. Ó ti tẹ́ àpò mélòó kan sílẹ̀, ó ti mọ ibi tí oníkálùkù ń lọ. Inú àpótí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti bá àwọn aṣọ ọmọdé pàdé. Gáùn obìnrin. Èyí tó kéré jù kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Èyí tó gùn jù á dé orúnkún ọmọ tó ti lè pọn omi. Ọwọ́ Màmá ló rán gbogbo rẹ̀. Ọdọọdún ló ń rán ọ̀kan fún ọmọ orí èjìká yẹn. Á fi ọwọ́ wọn ìwọ̀n láti ilẹ̀, á bi mí, "Ṣé á ti tó báyìí?" Èmi náà á wò ó, mà á ní, "Gbé e sókè díẹ̀ sí i."

Mínísítà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Kì í jókòó tó bá ń ṣiṣẹ́.

Ó bi mí pé ta ló wọ̀ wọ́n rí. Mo ní kò sẹ́ni. Ó ní kí ló mú kí ó dá wa lójú pé obìnrin ni. Mo ní Màmá ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sunkún níbẹ̀, ó nu imú, ó tún ń kó ẹrù lọ. Mo bá a di àwọn gáùn náà. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé ọmọ aláìlóbìí wá gbé wọn lọ pẹ̀lú aṣọ yòókù.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sí nǹkan kan nínú mi. Mo rántí pé mi ò tíì ra ọṣẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù ní pápá yẹn lónìí. Mi ò mọ ìgbà tí mo tan tẹlifíṣọ̀n. Mo ṣáà bá ara mi lórí àga Màmá.

Àwòrán rẹ̀ ti ń ṣú lápá kan. Ẹlẹ́kún wà níbẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun. Mo wá ọkùnrin onífìlà. Mo wá ọmọbìnrin kan tó ti ga tó èjìká rẹ̀. Mo wá wọn títí tí èrò fi tú ká.

Mi ò mọ ẹni tó borí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Ó pè.

Mo wà níbi iṣẹ́. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni." Ẹnìkan tó mọ̀ ọ́n láti kékeré ló rí ìkéde ikú Màmá lórí fóònù. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Mo ní kó máa bọ̀. Mo sọ ọ́ bí ẹni ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Ìyá Sítáàṣì ní ṣé kò sí wàhálà. Mo ní kò sí.

Mo ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan tó ṣeé ká lójú ọ̀nà ilé. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ríbi sùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 22 Oṣù Kẹta

Ó dé ní ọ̀sán. Mínísítà ló ṣílẹ̀kùn. Ó kọ́kọ́ gbá a lẹ́yìn, ó tún gbá a, ó wá dì mọ́ ọn. Àbúrò mi gbẹ. Irùngbọ̀n rẹ̀ ti ní ewú. Ṣùgbọ́n etí yẹn ni. Òun náà ni, láìkù síbì kan. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe kọ́ wa.

Mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ẹnìkan ṣì ń bọ̀ látinú ọkọ̀. Mo bi í pé ọmọ náà ńkọ́.

Ó ní, "Ọmọ wo?"

Inú ọkọ̀ ojú omi apẹja ló ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti kúrò nílé. Omi tútù, ẹja, àwọ̀n. Kò dé ìlú tí pápá yẹn wà rí. Kò wọ pápá ìṣeré kankan rí láyé rẹ̀. Mo sọ ọdún tí a rí i fún un. Ó ní ọdún yẹn ni okùn ọkọ̀ ṣẹ́ òun lẹ́sẹ̀. Orí ìdùbúlẹ̀ lòun wà. Ó gbé ṣòkòtò sókè, ó fi àpá náà hàn wá. Kò níyàwó. Kò bímọ. Ó ní obìnrin wo ló máa bímọ fún ẹni tí kì í pẹ́ lórí ilẹ̀?

Mínísítà bi í pé kí ló dé tí kò pè. Ó ní bí ìtìjú bá ti pé ọdún kan, èèyàn ò lè dá a gbé mọ́.

Lẹ́yìn náà ló béèrè. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní kí ni Màmá sọ nípa òun kó tó lọ.

Mínísítà wò mí.

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Góòlù, fìlà, ẹ̀rín. Bí Màmá ṣe padà ń sùn. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ nígbà náà." Mo ní ó balẹ̀. Ó ní, "Torí ọkùnrin kan tí kì í ṣe èmi."

Nígbà tó yá, ó ní kí n sọ ti ọmọ náà fún òun. Mo ní kí ni mà á sọ. Ó ní ohunkóhun tí Màmá bá mọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní obìnrin ni. Mo ní ọwọ́ òsì ló ń lò, torí òun ló fi di orí bàbá rẹ̀ mú. Mo ní ó ti wọ ilé ìwé, ó mọ ìṣirò, kì í fẹ́ kí wọ́n ya irun òun, ó bẹ̀rù ajá. Mo gbọ́ ohùn ara mi. Màmá kò sọ ti irun rí. Kò sọ ti ajá rí. Èmi ni mo fi wọ́n kún un – ìgbà wo, mi ò mọ̀.

Àbúrò mi ń mi orí bí ẹni ń gbọ́ ìròyìn ilé.

Ọjọ́ Àìkú, 23 Oṣù Kẹta

Ó sùn títí di ọ̀sán. Mo se oúnjẹ. Ó jẹ ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ajé, 24 Oṣù Kẹta

Ibi iṣẹ́. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá Sítáàṣì di etí kan mú, èmi di etí kejì mú, a nà án. Mo ṣàkíyèsí pé aṣọ náà ti tutù lọ́dọ̀ mi. Mo rò pé omi ẹ̀rọ ni. Kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Ẹkún náà kò dúró. Ó ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn, ó ń mì mí. Mo fi ẹnu mọ́ aṣọ, kò bò ó. Ìyá Sítáàṣì pa ẹ̀rọ. Gbogbo ilé ìfọṣọ dákẹ́, ohùn mi nìkan ló kù. Ó mú mi jókòó lórí apẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbígbóná rẹ̀ dì mí lórí mú mọ́ àyà.

Ó ní, "Ṣé ti Màmá ló padà dé yìí?"

Mo mi orí. Mo ní kì í ṣe ti Màmá.

Ó ní ta ló tún kú.

Mo ní ọmọ àbúrò mi ni.

Ó ké "Yéè" jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní ọmọ ọdún mélòó. Mo ní ì bá pé mẹ́wàá lọ́dún yìí. Ó ní ti àgbà ṣeé gbà, ti ọmọdé ni kì í ṣeé gbà. Ó ń fi ọwọ́ pa mí lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe ń pa ọmọ tí oúnjẹ há lọ́fun. Ó bi mí pé ṣé àìsàn ló ṣe é ni.

Mo ní rárá o. Mo ní ara rẹ̀ le. Mo ní kò ní àìsàn kankan.